Ajá onírun gígùn tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù yín: ẹ má fá a, òòyà ló ń fẹ́

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tó ń ta pákó ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, àwọn olè fọ́ sítọ́ọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ló bá lọ ra ajá. Kì í ṣe ajá ilé wa lásán ló rà o. Álísésíànì onírun gígùn ni, irun ọrùn rẹ̀ sì pọ̀ débi pé Láyọ́ọ̀nù làwọn ọmọ ọjà sọ ọ́. Látọjọ́ tí Láyọ́ọ̀nù ti dé, olè kò tún yọjú síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tó lè sọ iye pákó tó wà nínú sítọ́ọ̀ rẹ̀ láìwo ìwé, kò mọ̀ pé irun ajá náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó ń yà á. Nígbà tó máa fi pé ọdún kan, irun ẹ̀yìn etí rẹ̀ àti ti abíyá rẹ̀ ti di dàda, eégbọn sì ti fi abẹ́ rẹ̀ ṣelé.

Bí wọ́n ṣe pe ọmọkùnrin kan tó máa ń lọ káàkiri tọ́jú ajá nìyẹn. Ọmọkùnrin náà fi klípà fá Láyọ́ọ̀nù láti ọrùn dé ìrù, ó po òògùn apakòkòrò mọ́ omi, ó sì fi wẹ ajá náà kí eégbọn lè kú. Eégbọn kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ajá náà ti bá wọn lọ.

Owó tí wọ́n fi ra ajá wọlẹ̀, owó oúnjẹ ọdún kan wọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì tún padà sídìí wíwá mẹ́gáàdì tí yóò máa gbowó lóṣooṣù. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òòyà onírin kan pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó dé.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan ojú ewé okoòwò nínú irun ajá. Ó kàn án dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sítọ́ọ̀, ilé epo, ilé búrẹ́dì tàbí ibi ìṣẹ́ páànù ló ní ajá tó ń bá yín ṣọ́lé. Ajá náà wà lára dúkìá iléeṣẹ́ yín, bíi jẹnẹrétọ̀ àti òṣùwọ̀n. Ẹ kì í jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ lo ọdún kan láìpààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Yorùbá sì ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní páànkàrá, wọn á bá a fi kólẹ̀. Bí ẹ bá fi ajá yín sílẹ̀ kó di páànkàrá, ẹni tẹ́ ẹ bá gbé e fún láti tọ́jú náà á ṣe é bí páànkàrá.

Ibi tí irun yẹn ti wá

Ajá àwọn bàbá wa, irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara. Mi ò tíì gbọ́ pé ọdẹ kan jókòó máa ya irun ajá rẹ̀ kó tó wọgbó. Ilẹ̀ olóoru la bí i sí, irun tó sì bá ooru mu ló ní. Àwọn ajá darandaran tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Collie onírun gígùn. Ìlú Scotland ló ti wá, níbi tó ti máa ń da àgùntàn lórí òkè nínú òjò, nínú ìkùukùu àti nínú òtútù. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria máa ń lọ sí ààfin rẹ̀ ní Balmoral láàárín ọdún 1860 sí 1870, ó fẹ́ràn àwọn ajá yìí, ó sì kó lára wọn sílé, làwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kiri. Fíìmù Lassie Come Home tó jáde lọ́dún 1943 ló wá sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri ayé.

Álísésíànì tó pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí, ajá darandaran lòun náà, Jámánì ló sì ti wá. Lọ́dún 1899 ni ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá darandaran kan, tó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, tó sì dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin irú ajá náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó bá ń jẹ́ Jámánì sétí, ni wọ́n bá yí orúkọ ajá náà padà sí Álísésíànì. Ọdún 1977 làwọn fúnra wọn tó dá orúkọ Jámánì padà fún un, ṣùgbọ́n ẹnu tiwa ti mọ́ Álísésíànì, òun náà la sì ń pè é títí dòní. Ọ̀pọ̀ wọn ni irun wọn mọ níwọ̀n, àwọn kan sì wà tí tiwọn gùn bíi ti Láyọ́ọ̀nù. Gbogbo wọn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kàn.

Aṣọ méjì ló wọ̀

Bí ẹ bá fi ìka la irun ajá wọ̀nyí sí méjì títí tẹ́ ẹ fi rí awọ ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé oríṣi irun méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè gùn, ó sì le díẹ̀. Òun ló ń darí omi òjò sílẹ̀ bí ewé ṣe ń ṣe lórí àtíbàbà. Ti abẹ́ kúrú, ó múlọ́, ó sì rí bí òwú. Ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ agbádá lé bùbá. Irun abẹ́ yìí ló ń dènà òtútù níbi tí wọ́n ti wá. Níbí, bí atẹ́gùn bá ráyè gba àárín rẹ̀ kọjá, òun pẹ̀lú irun òkè ni kì í jẹ́ kí oòrùn ta awọ ajá náà ní tààràtà.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ní ooru Nàìjíríà pọ̀, ẹ jẹ́ ká fá a kó lè gba atẹ́gùn sára. Àánú ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpalára ni wọ́n ń ṣe. Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ẹnu tó ń là tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Nítorí náà, fífá irun kò sọ ọ́ di ẹni tó ń làágùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí awọ rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn, ẹ̀fọn àti eṣinṣin. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé irun abẹ́ sábà máa ń yára hù ju ti òkè lọ. Irun òkè lè gbà ju ọdún kan kó tó padà sípò, lára ajá mìíràn sì rèé, kì í padà bó ṣe wà mọ́, á kàn máa hù ní gbágágbàgà ni.

Irun tó mọ́, tí òòyà ń wọ̀ ọ́ dé ìdí, kì í ṣe ọ̀tá ajá nínú ooru. Irun tó dì ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí atẹ́gùn kò lè gba ibẹ̀, omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í gbẹ, awọ abẹ́ rẹ̀ á sì máa jẹrà. Bí dókítà ẹran bá ní kí wọ́n fá ojú kan nítorí egbò tàbí iṣẹ́ abẹ, ìyẹn yàtọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ gbé klípà kúrò nílẹ̀.

Ohun èlò tẹ́ ẹ nílò

Wọn ò pọ̀. Ẹ ra òòyà onírin kan, tí eyín apá kan rẹ̀ fẹ̀, tí eyín apá kejì sún mọ́ra. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí orí wáyà rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀. Ẹ ra réèkì ajá, tó dà bí réèkì tí wọ́n fi ń kó koríko ṣùgbọ́n tó kéré. Òun ló ń fa òkú irun abẹ́ jáde. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó kún un, pẹ̀lú ohun ìgé-èékánná ajá àti ìgò tó ń fọ́n omi bí ìrì, irú èyí tí àwọn onídìrí ń lò. Ó tán.

Àwọn ilé ìtọ́jú ẹran àti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ ajá ló máa ń ní wọn. Ẹ ṣe wọ́n lọ́jọ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: ẹ fi eyín òòyà náà wọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Bó bá ha yín lára, á ha ajá náà. Irin tí kì í dógùn-ún ni kẹ́ ẹ yàn, nítorí omi ò ní yé kàn án.

Bí ẹ ṣe máa yà á

Ẹ yan àsìkò tí oòrùn kò mú, àárọ̀ kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tàbí ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tì í. Ẹ jẹ́ kó rìn káàkiri díẹ̀ kó lè tọ̀, kó lè yàgbẹ́. Ẹ wá ojú kan náà tẹ́ ẹ ó máa lò nígbà gbogbo, ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Orí tábìlì tó dúró dáadáa dára fún ẹ̀yìn ẹni tó ń yà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi ajá sílẹ̀ níbẹ̀ ní òun nìkan, nítorí bó bá bẹ́, ó lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, láti orí dé ìrù. Ṣé egbò wà níbì kan? Ṣé eégbọn wà níbẹ̀? Ṣé kókó kan wù tí kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ìyẹ̀wò yìí nìkan tó ìdí fún yín láti máa ṣe é fúnra yín. Ọwọ́ tó ń fi ara kan ajá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tètè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí irun náà. Irun tó gbẹ táútáú máa ń já, pàápàá nígbà ọyẹ́. Kò gbọ́dọ̀ tutù rin o, ìrì lásán ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbé irun sókè kó dúró, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún mú búrọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ fa irun díẹ̀ wálẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ òsì. Bó bá ti mọ́, ẹ tún fa òmíràn wálẹ̀ láti òkè. Ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń kọ́ òrùlé, títí ẹ ó fi dé ẹ̀yìn. Ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kẹ́ ẹ máa rí awọ ara ajá náà níbi tí irun ti là. Ẹni tó bá kàn ń gbá búrọ́ọ̀ṣì lórí irun òkè lásán, á rò pé òun ti ṣe iṣẹ́, ojú ajá á sì máa dán, ṣùgbọ́n òwú tó wà nísàlẹ̀ ti ń dì lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣiṣẹ́ onídìrí, ẹ̀yin tiẹ̀ ti mọ èyí tó kù. A kì í ti ìdí irun bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun tó ta kókó. Ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ká sì fi ọwọ́ kejì di ìdí rẹ̀ mú kí ó má baà máa fa awọ. Bákan náà ló rí lára ajá.

Lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì, ẹ wá fi réèkì fa òkú irun jáde níbi tó ti kí jù, ìyẹn ọrùn, ẹ̀yìn àti itan ẹ̀yìn. Ọwọ́ fúyẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é; bí awọ bá ti ń pọ́n, ó tó. Òòyà onírin ló kẹ́yìn, òun ni olùyẹ̀wò ìwé ìṣirò: ibi tí kò bá ti lè kọjá, iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀.

Ibi márùn-ún ló máa ń dì jù, ẹ má fò wọ́n: ẹ̀yìn etí, abẹ́ abíyá, igbá àyà níbi tí ìdè ọrùn máa ń fi ara họ, itan ẹ̀yìn tó dà bíi ṣòkòtò, àti ìdí ìrù. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni irun abẹ́ yìí sábà máa ń já dànù lọ́pọ̀ yanturu. Lọ́dọ̀ tiwa níbí tí gígùn ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọn irun yíká ọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Bó bá ti di dàda ńkọ́?

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ bu lẹ́búlẹ́bú àgbàdo díẹ̀ sí ojú ibẹ̀, kí ẹ fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi eyín òòyà tó wà ní ìkángun tú u láti ẹnu wá sí ìdí. Bí kókó náà bá tóbi, ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á sí méjì tàbí mẹ́ta ní gígùn, láti ìdí irun síta, kẹ́ ẹ wá tú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gé e ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, nítorí awọ ajá máa ń fà wọ inú kókó irun, èèyàn á sì gé e láìmọ̀. Ẹ fi òòyà sáàárín awọ àti sísọ́ọ̀sì kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Bó bá jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ló ti dì, iṣẹ́ ti kúrò ní tilé nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà lè ní àfi kí òun fá a, kí ara rẹ̀ lè sinmi lọ́wọ́ ìrora. Ẹ gbà fún un, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn.

Ìwẹ̀

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ tó, àfi bó bá yíràá nínú ẹrẹ̀. Ẹ ya irun rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó da omi sí i, nítorí omi máa ń mú kókó irun le sí i ni. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ tàbí èyí tí oòrùn ti yá ló dára.

Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ajá ni kẹ́ ẹ lò. Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ, ọṣẹ tó bá awọ èèyàn mu kì í sì í sábà bá tirẹ̀ mu. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ìfọṣọ, bílíìṣì, àti òògùn olóòórùn líle tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kàn án nínú wọn. Ọṣẹ dúdú wa gan-an, eérú ló wà nínú rẹ̀, ó le jù fún un, ó sì ń gbẹ òróró ara rẹ̀ dànù. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara.

Gbígbẹ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi ra á bí ẹni ń fọ aṣọ, kí irun má baà tún dì. Ẹ máa ya irun náà bó ṣe ń gbẹ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìgbẹrun, atẹ́gùn tútù ni kẹ́ ẹ lò. Irun òkè lè gbẹ kí ti abẹ́ ṣì tutù. Bẹ́ẹ̀ ni awọ á ṣe bó, tí á pọ́n, tí á máa rùn, láàárín ọjọ́ kan péré. Nítorí náà, ẹ má wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí òjò ti ṣú.

Ẹsẹ̀, èékánná àti etí

Ẹ gé irun tó hù sáàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kó bá ilẹ̀ dọ́gba, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń sá sí. Ní ti èékánná, bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ kẹ́kẹ́kẹ́ lórí síméńtì, ó ti gùn. Orí rẹ̀ tó tẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ gé, nítorí ẹran ẹlẹ́jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ojú kì í sì í rí i nínú èékánná dúdú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ tẹ ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn, á dáwọ́ dúró. Ní ti etí, òwú tó tutù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu ibi tí ojú yín rí. Ẹ má ti igi kankan bọ inú rẹ̀. Etí tó bá ń rùn, dókítà ló ni ín.

Eégbọn, àti òògùn tó ń pa ajá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí rèé. Eégbọn kì í kàn mu ẹ̀jẹ̀ lásán. Ó máa ń gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wọ ara ajá, tí á máa gbóná, tí á kọ oúnjẹ, tí ìtọ̀ rẹ̀ á tiẹ̀ lè pọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nígbà tẹ́ ẹ ń ya irun, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ ìdí, ní ẹ̀gbẹ́ awọ gan-an, kí ẹ fà á jáde gbọnrangandan. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì fi ìka fọ́ ọ.

Bó bá pọ̀ kọjá agbára yín, òògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà ẹran, èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn àti èyí tí ajá ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀tápíápíá tàbí òògùn apakòkòrò kankan wẹ ajá. Dichlorvos tó máa ń wà nínú wọn, májèlé ni fún ajá àti fún èèyàn, ó sì ń gba awọ wọlé. Irun tó pọ̀ á fà á mu, ajá á tún máa lá a. Itọ́ á máa da lẹ́nu rẹ̀, ara á máa gbọ̀n, mímí á le. NAFDAC kò ṣàdédé gbé òfin dìde lọ́dún 2019 lórí títà á nínú ìgò kéékèèké. Òun náà ló pa Láyọ́ọ̀nù.

Èkejì ni ivermectin. Ẹ mọ òògùn yìí. Òun ni wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé fún àrùn tó ń fọ́jú àwọn tó ń gbé létí odò, látìgbà tí iléeṣẹ́ Merck ti kéde lọ́dún 1987 pé àwọn yóò máa fi tọrẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà fún màálù àti ewúrẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn làwọn kan sì ń gún fún ajá nítorí eégbọn àti èékú. Ara ọ̀pọ̀ ajá ń gbà á. Ti àwọn ajá darandaran ló léwu.

Lọ́dún 2001 làwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ, tó ń lé irú òògùn bẹ́ẹ̀ padà. Àbùkù kan tí ajá máa ń bá wáyé, tí wọ́n ń pè ní MDR1, ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ yìí má sí lẹ́nu iṣẹ́. Òògùn á wá wọ ọpọlọ lọ tààrà. Ajá náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ojú rẹ̀ lè fọ́, ó lè sùn kó má jí mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí yunifásítì yẹn sọ, nínú Collie 100, nǹkan bí 70 ló gbé àbùkù yìí; nínú Álísésíànì 100, nǹkan bí 10. Iye táṣẹ́rẹ́ tó wà nínú òògùn aràn ọkàn tí dókítà máa ń fún ajá kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gún fún èékú ló ń pa wọ́n. Ẹ kò lè fi ojú lásán mọ èyí tó ní in, nítorí náà, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe dókítà gún ajá yín lábẹ́rẹ́ kankan.

Ẹ ò sì nílò láti wá dókítà jìnnà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn dókítà ẹran sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní dókítà ẹran, ẹ bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ajá tó ń gbé láàárín àwọn oníbàárà kò gbọ́dọ̀ máà gbà á. Kí káàdì rẹ̀ wà nínú fáìlì ṣọ́ọ̀bù yín.

Ìṣirò rẹ̀

Ẹ mú bírò. Ẹ kọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ládùúgbò yín láti tọ́jú irun ajá lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ẹ fi 24 lu iye náà. Ohun tẹ́ ẹ ń ná lọ́dún nìyẹn. Ẹ wá kọ owó ohun èlò tí mo kà sókè yìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà wọ́n, wọ́n sì lè lò ju ọdún kan lọ dáadáa. Ọṣẹ nìkan lẹ ó máa rà lóòrèkóòrè. Ní ti àkókò, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Wákàtí 52 ni lọ́dún.

Ẹ fi orúkọ ẹnì kan sídìí iṣẹ́ náà, yálà ẹ̀yin fúnra yín tàbí ọmọṣẹ́ kan tó fẹ́ràn ajá. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn kì í jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ ìyarun, ọjọ́ ìwẹ̀, ọjọ́ òògùn eégbọn àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí. Àǹfààní mìíràn sì wà níbẹ̀: ajá tí ọwọ́ èèyàn mọ́ lára, tí nǹkan kan kò sì máa dùn ún lábẹ́ irun, kì í tètè gé oníbàárà jẹ.

Ẹni tó bá wá rí i pé ọwọ́ òun gba iṣẹ́ yìí, oúnjẹ wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, City & Guilds sì ń fún àwọn tó bá kọ́ ọ ní ìwé ẹ̀rí. Ìjọba ibẹ̀ kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ wọn, ìwé ẹ̀rí yẹn ló ń jẹ́ kí oníbàárà fọkàn tán wọn. Níbí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé a kì í fá ajá onírun gígùn, tó sì mọ òògùn tí kò gbọ́dọ̀ fi kan ajá, ti yàtọ̀ sí ọmọkùnrin tó wá sí Bódìjà lọ́jọ́sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ra ajá mìíràn. Òun náà lónírun lára. Nígbà tí mo yà kí i, mo bá òòyà onírin kan níbi ìṣó tó máa ń fi ìwé gbèsè kọ́. Mo bi í pé ta ló ń lò ó. Ó ní òun ni, kóun tó ṣí sítọ́ọ̀ láàárọ̀.